Eré àfarawé nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sọ́fítíwíà

Eré àfarawé nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sọ́fítíwíà jẹ́ ọ̀nà ìkọ́ni ní yunifásítì, nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe àkóso iṣẹ́ sọ́fítíwíà tí kò sí ní tòótọ́, tí ó sì ń rí àbájáde ìpinnu rẹ̀ kí ó tó dé ibi iṣẹ́ gidi. Eré náà lè wà lórí kọ̀ǹpútà, ó lè jẹ́ eré káàdì, ó sì lè jẹ́ eré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi páálí tàbí bíríkì ìṣeré ọmọdé ṣe lórí tábìlì. Lára àwọn tí a mọ̀ jù ni SESAM láti Yunifásítì Stuttgart ní orílẹ̀-èdè Jámánì, SimSE àti Problems and Programmers láti Yunifásítì California ní Irvine, Amẹ́ríkà, àti The Incredible Manager láti ìlú Rio de Janeiro ní Brazil.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ sọ́fítíwíà yàtọ̀ sí kíkọ kóòdù nìkan. Ó jẹ́ ìmọ̀ nípa bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe lè pawọ́ pọ̀ kọ sọ́fítíwíà ńlá, kí ó parí ní àsìkò, kí owó tí a yà sọ́tọ̀ tó o, kí ó sì ṣe ohun tí oníbàárà ń fẹ́ láìsí ewu. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gba oṣù púpọ̀ tàbí ọdún. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti fi í han akẹ́kọ̀ọ́ nínú sáà ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo.

Ìdí tí a fi ń lò ó

Nínú iṣẹ́ àṣelédè, olùkọ́ni kì í fi aṣọ oníbàárà dán ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ wò. Télọ̀ a máa kọ́kọ́ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní bébà sìmẹ́ǹtì láti gé, kí ó lè ṣe àṣìṣe lórí ohun tí kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú. Ohun tí eré àfarawé ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sọ́fítíwíà nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ yunifásítì lórí kókó yìí sábà máa ń pín sí ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì, níbi tí olùkọ́ ti ń ṣàlàyé àwọn ìpele iṣẹ́: ṣíṣe ìwádìí ohun tí oníbàárà ń fẹ́, yíya àwòrán iṣẹ́, kíkọ kóòdù, ṣíṣe àyẹ̀wò, gbígbé iṣẹ́ kalẹ̀ fún oníbàárà, àti ìtọ́jú rẹ̀. Èkejì ni iṣẹ́ àṣepọ̀ kékeré, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ti ń kọ ètò kan fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ní àléébù. Nínú ti àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ṣùgbọ́n kò fojú rí i. Nínú ti èkejì, iṣẹ́ náà kéré débi pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fo ìpele kan kò ní rí ìyà rẹ̀: ẹni tí kò kọ ìwé àlàyé kankan lè parí ètò kékeré ní òru ọjọ́ kan kí ó sì gba máàkì. Irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ á gbà gbọ́ pé àwọn ìpele wọ̀nyẹn kò wúlò. Eré àfarawé wà fún àlàfo tí ó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì, nítorí ó lè fún iṣẹ́ ọdún méjì pọ̀ sínú wákàtí méjì.

Ohun tí àṣìṣe lè fà níta kò kéré. Láàárín ọdún 1985 sí 1987, ẹ̀rọ ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ kan tí ń jẹ́ Therac-25 fún ó kéré tán aláìsàn mẹ́fà ní ìtànṣán tí ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ nítorí àṣìṣe sọ́fítíwíà, àwọn kan sì kú nínú wọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 bú gbàmù ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 40 lẹ́yìn tí ó gbéra, nítorí pé wọ́n gbé apá kan sọ́fítíwíà rọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wọ inú tuntun láìṣe àyẹ̀wò tí ó tó. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe iṣẹ́ náà ní ọwọ́ nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kóòdù fúnra rẹ̀.

Ìtàn

Lílo eré láti kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ tí ó léwu kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1824, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Prussia gba eré ogun Kriegsspiel wọlé láti fi kọ́ àwọn ọ̀gá ọmọ ogun. Ní ọdún 1929, Edwin Link ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ tí awakọ̀ òfuurufú lè fi kọ́ iṣẹ́ láìkúrò ní ilẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1960, àwọn olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ MIT bẹ̀rẹ̀ sí í lo eré kan tí a fi ọjà bíà ṣe, láti fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣàkóso òwò bí ìdádúró díẹ̀ ṣe ń da gbogbo ọ̀nà ìpèsè ọjà rú.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ sọ́fítíwíà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ìmọ̀ gbajúmọ̀ lẹ́yìn àpérò tí àjọ NATO pè ní Garmisch, Jámánì, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1968, nítorí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ sọ́fítíwíà ìgbà náà ń pẹ́, ń gbówó lórí, tàbí kí ó má tilẹ̀ parí. Ní ọdún 1975, Frederick Brooks, ẹni tí ó ṣe àkóso kíkọ sọ́fítíwíà OS/360 ní ilé iṣẹ́ IBM, tẹ ìwé The Mythical Man-Month jáde. Ní ọdún 1991, Tarek Abdel-Hamid àti Stuart Madnick tẹ ìwé Software Project Dynamics jáde, nínú èyí tí wọ́n ti fi ìṣirò ṣàpèjúwe bí iye òṣìṣẹ́, àárẹ̀, àṣìṣe àti ìkánjú ṣe ń fa ara wọn nínú iṣẹ́ sọ́fítíwíà. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ SESAM bẹ̀rẹ̀ ní Stuttgart ní nǹkan bí ọdún 1990 lábẹ́ Jochen Ludewig. Nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á máa tẹ àṣẹ ní ọ̀rọ̀, bí ìgbà tí alákòóso ń bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀: gba ẹnì kan síṣẹ́, ní kí ó kọ ìwé àlàyé, ní kí àwọn mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 2003, Alex Baker, Emily Oh Navarro àti André van der Hoek ní Irvine ṣe eré káàdì Problems and Programmers. Navarro àti van der Hoek tẹ̀ síwájú láti ṣe SimSE, èyí tí ó jẹ́ kókó ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé Navarro ní ọdún 2006. Ní ọdún 2004, Alexandre Dantas, Márcio Barros àti Cláudia Werner ṣàlàyé The Incredible Manager ní Brazil.

Bí àwọn eré náà ṣe ń ṣiṣẹ́

SimSE
Nínú SimSE, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń ṣeré, òun sì ni alákòóso iṣẹ́. Àwòrán ọ́fíìsì kan á hàn lójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n jókòó nídìí tábìlì wọn. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n òye tirẹ̀, ó sì lè rẹ̀ ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò pinnu ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ wo, irinṣẹ́ tí wọn yóò rà, àti ìgbà tí wọn yóò kúrò ní ìpele kan bọ́ sí òmíràn. Bí aago eré náà ṣe ń lọ, owó ń tán, àṣìṣe sì ń kó jọ sínú iṣẹ́ ní ibi tí ojú kò tó. Nígbà tí a bá gbé iṣẹ́ fún oníbàárà, eré náà á fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì. Lẹ́yìn náà ni akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣí irinṣẹ́ àlàyé, èyí tí ó ń fi àwòrán ìlà hàn bí nǹkan ṣe lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú àwọn òfin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Oríṣiríṣi ìlànà iṣẹ́ ni a ti kọ fún SimSE. Ọ̀kan ni ìlànà Waterfall, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara omi tí ń já bọ́ láti orí òkè tí kì í padà sẹ́yìn: ìpele kan gbọ́dọ̀ parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Òmíràn ni Extreme Programming, èyí tí Kent Beck gbé jáde ní òpin àwọn ọdún 1990, níbi tí iṣẹ́ ti ń lọ ní ìgbésẹ̀ kéékèèké tí oníbàárà sì wà nítòsí. Òmíràn tún dá lórí yíyẹ kóòdù wò lẹ́gbẹ́ẹgbẹ́. SimSE ní irinṣẹ́ tí olùkọ́ lè fi kọ ìlànà tirẹ̀.

Problems and Programmers
Eré yìí kò lo kọ̀ǹpútà rárá. Àwọn olùdíje á gba iṣẹ́ kan náà, tí a kọ bí ó ṣe gùn tó, bí ó ṣe díjú tó, ìwọ̀n ìdára tí oníbàárà ń fẹ́ àti iye owó rẹ̀ sórí káàdì. Olùdíje kọ̀ọ̀kan á fi owó náà gba àwọn òṣìṣẹ́, tí owó oṣù àti òye wọn yàtọ̀ síra. Ó lè ní kí wọ́n kọ kóòdù dáradára, ó sì lè ní kí wọ́n kánjú kọ ọ́ kí iṣẹ́ yá. Kóòdù tí a kánjú kọ ni àṣìṣe máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Olùdíje lè ju káàdì ìṣòro lu ẹnì kejì rẹ̀, ṣùgbọ́n káàdì náà kò ní í mú un àfi bí ẹni náà bá ti fo ìpele kan, fún àpẹẹrẹ bí kò bá kọ ìwé tí ó ṣàlàyé ohun tí oníbàárà ń fẹ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ parí iṣẹ́ tí oníbàárà lè gbà ni ó borí. Òwe Yorùbá tí ó sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ ni ẹ̀kọ́ tí eré náà fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

Eré orí tábìlì
Lẹ́yìn tí ènìyàn 17 fọwọ́ sí ìkéde Agile ní ìpínlẹ̀ Utah ní ọdún 2001, àwọn eré kéékèèké tí kò nílò kọ̀ǹpútà pọ̀ sí i. James Grenning ṣàlàyé Planning Poker ní ọdún 2002: ọmọ ikọ̀ kọ̀ọ̀kan á fi káàdì tí ó ní nọ́ńbà sọ bí iṣẹ́ kan yóò ṣe gba àkókò tó, gbogbo wọn á sì ṣí káàdì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọ̀rọ̀ ọ̀gá má baà tẹ èrò ọmọ iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Òmíràn ni eré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi bíríkì LEGO kọ́ ìlú kékeré ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, tí olùkọ́ ń ṣe bí oníbàárà tí ń yí ọ̀rọ̀ padà.

Òfin Brooks gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Òfin kan tí ọ̀pọ̀ eré àfarawé fi kọ́ni ni òfin Brooks, tí ó sọ pé bí a bá fi ènìyàn kún iṣẹ́ sọ́fítíwíà tí ó ti pẹ́, yóò tún pẹ́ sí i. Ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti gba èyí gbọ́, pàápàá níbi tí wọ́n ti mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ìṣirò rẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n ti wà nídìí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró láti kọ́ ẹni tuntun, àti pé bí ikọ̀ ṣe ń pọ̀ ni ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ láàárín wọn ń pọ̀ jù ú lọ. Nínú ikọ̀ ènìyàn 5, ọ̀nà 10 ni ènìyàn méjì lè gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ikọ̀ náà bá di ènìyàn 10, iye náà á di 45. Àgbájọ ọwọ́ náà wúlò, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ó yẹ kí a ti pè é jọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gba òṣìṣẹ́ mẹ́rin síi ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ kù sí dẹ̀dẹ̀ nínú eré, tí ó sì rí i pé iṣẹ́ náà kò yá, ti rí òfin náà lójú ara rẹ̀.

Ìlò nínú kíláàsì

Ìpele mẹ́ta ni a sábà máa ń pín ìlò eré àfarawé sí. Èkíní ni ìfilọ́lẹ̀: olùkọ́ á kọ́kọ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlànà iṣẹ́ tí eré náà dá lé, á sì ṣàlàyé òfin eré. Èkejì ni eré fúnra rẹ̀, tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí ẹni tí ó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan ni ó ń fẹ́ mọ ìdí. Ẹ̀kẹta ni àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn eré, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ ìpinnu tí wọ́n ṣe, ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àti bí yóò ṣe rí ní ibi iṣẹ́ gidi. Ìlànà yìí bá èrò David Kolb mu, ẹni tí ó kọ ní ọdún 1984 pé ènìyàn ń kọ́ ẹ̀kọ́ nígbà tí ó bá ṣe nǹkan, tí ó ronú lórí rẹ̀, tí ó fa òye yọ nínú rẹ̀, tí ó sì tún un ṣe.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ìrírí àwọn tí ó lo SESAM àti SimSE jọra lórí kókó kan: eré nìkan kò tó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ń fi ọkàn sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí a fi sílẹ̀ pẹ̀lú eré láìsí àlàyé lè tún àṣìṣe kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láìmọ ohun tí ó fà á. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ṣe SimSE fi fi irinṣẹ́ àlàyé kún un, tí wọ́n sì dábàá pé kí a lò ó gẹ́gẹ́ bí àfikún sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí a má fi rọ́pò rẹ̀. Àbájáde yìí ṣe pàtàkì fún yunifásítì tí ó bá rò pé eré yóò dín iṣẹ́ olùkọ́ kù: iṣẹ́ olùkọ́ yí padà ni, kò dín kù.

Ní Nàìjíríà

Àjọ tí ń mójú tó àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà, NUC, gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí a mọ̀ sí CCMAS jáde ní ọdún 2022. Nínú rẹ̀, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka tirẹ̀, ìmọ̀ ẹ̀rọ sọ́fítíwíà sì wà lára àwọn ẹ̀kọ́ oyè tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlànà náà fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ sọ́wọ́ àjọ náà, ó sì fi ìdá 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti gbé kalẹ̀ bí ó bá ti fẹ́. Ìdá 30 yìí ni ààyè tí ilé ẹ̀kọ́ kan lè fi eré àfarawé sí láìdúró de àṣẹ láti Àbújá.

Ìlú Ìwó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tí irú ààyè bẹ́ẹ̀ wà. Níbẹ̀ ni Yunifásítì Bowen wà, èyí tí Ìjọ Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 2001, tí ó sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Thomas Jefferson Bowen tí a fi sọ yunifásítì náà lórúkọ ni ó kọ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1858.

Ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà sábà máa ń gbà fojú kan iṣẹ́ gidi ni SIWES, ètò tí àjọ ITF bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973 láti máa rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé iṣẹ́ fún oṣù díẹ̀. Àǹfààní ètò náà wà lọ́wọ́ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá bá ara rẹ̀. Ẹni tí ó dé ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà á rí ìlànà iṣẹ́. Ẹni tí ó dé ọ́fíìsì tí kò kọ sọ́fítíwíà lè lo gbogbo oṣù náà nídìí ìwé títẹ̀. Eré àfarawé lè jẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì kan ní ìrírí kan náà kí wọ́n tó lọ.

Àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà ti ṣe ìwádìí tí ó sún mọ́ kókó yìí. Ní ọdún 2009, Olálékan Akínọlá àti Adéníkẹ̀ẹ́ Ọ̀ṣọ́fisan ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wá àṣìṣe nínú kóòdù láti orí kọ̀ǹpútà tí ó jìnnà síra; wọn kò rí ìyàtọ̀ pàtàkì láàárín àwọn tí ó lo àkọsílẹ̀ ìtọ́sọ́nà àti àwọn tí kò lò ó. Ní ọdún 2018, Solomon Sunday Oyelere àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nípa MobileEdu, ètò orí fóònù fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n dán wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà. MobileEdu kì í ṣe eré àfarawé, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé fóònù tí akẹ́kọ̀ọ́ ní lọ́wọ́ lè gbé ẹ̀kọ́ dé ibi tí yàrá kọ̀ǹpútà kò tó.

Ìdánwò UTME ọdún 2025 mú kí ọ̀rọ̀ ìlànà iṣẹ́ sọ́fítíwíà dé etí gbogbo ilé ní Nàìjíríà. Ó lé ní mílíọ̀nù 1.9 ọ̀dọ́ tí ó jókòó fún ìdánwò náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, àjọ JAMB jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ba èsì akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 jẹ́: 206,610 ní Èkó, àti 173,387 ní àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún ìlà-oòrùn gúúsù. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé a kò fi àtúnṣe tuntun sórí àwọn kọ̀ǹpútà olùpín tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn agbègbè wọ̀nyẹn, a kò sì tètè rí i kí èsì tó jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní láti tún ìdánwò ṣe láti ọjọ́ 16 oṣù náà. Irú àṣìṣe yìí kò jẹ mọ́ àìmọ kóòdù í kọ. Ìpele àyẹ̀wò ìkẹyìn, èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́rìí pé gbogbo ẹ̀rọ ń lo sọ́fítíwíà kan náà, ni ó yẹ kí ó gbá a mú. Nínú eré àfarawé, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fo irú ìpele bẹ́ẹ̀ á pàdánù máàkì nìkan.

Àríwísí àti ààlà

Àríwísí àkọ́kọ́ ni pé òfin inú eré jẹ́ èrò ẹni tí ó kọ ọ́. Bí òfin náà bá lòdì sí bí nǹkan ṣe rí, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ ohun tí kò tọ̀nà, á sì dá a lójú. Èkejì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ bí a ṣe ń borí eré dípò bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó há ìdáhùn sórí láìlóye ìbéèrè. Ẹ̀kẹta ni pé eré kò lè fi gbogbo ìwà ènìyàn hàn: àáwọ̀, ojúsàájú, àti ìtìjú láti sọ fún ọ̀gá pé iṣẹ́ kò ní parí lásìkò.

Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àwọn ìṣòro mìíràn wà pẹ̀lú. Eré orí kọ̀ǹpútà nílò iná mànàmáná àti ẹ̀rọ tí ó tó fún kíláàsì ńlá. Eré káàdì àti eré orí tábìlì kò nílò wọn, a sì lè tẹ káàdì rẹ̀ sórí páálí lásán. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ SimSE àti Problems and Programmers. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìlànà tí a kọ sínú wọn bá ọ́fíìsì Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù mu, níbi tí iná kì í ṣẹ́jú. Nítorí pé SimSE gba olùkọ́ láàyè láti kọ ìlànà tirẹ̀, ó ṣeé ṣe láti fi àwọn ohun tí alákòóso iṣẹ́ ní Nàìjíríà ń bá yí kún un: iná tí ó lọ ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ yẹ kí ó parí, owó dọ́là tí ó ń gbówó àyálò kọ̀ǹpútà olùpín lọ sókè, tàbí òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ jù lọ tí ó jápa láàárín oṣù láìkọ ohun tí ó mọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀.